Bí Gángan Ṣe Gba Ohùn Rẹ̀ Padà: Ọjọ́ Kan Nídìí Kọ̀ǹpútà Olórin

Orin tí mò ń sọ yìí kò ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló ṣe é nínú yàrá kan ṣoṣo ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, pẹ̀lú látọ́ọ̀pù, máíkì méjì àti sípíkà kékeré méjì. Wọ́n ti gba ohùn olórin àti ti gángan sílẹ̀. Ohun tó kù ni kí ó po gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí ó dán an, kí ó sì fi lé olórin lọ́wọ́ kí Sátidé tó parí, torí pé òde àríyá ń dúró dè é lọ́jọ́ Sunday. FL Studio ló ń lò, èyí tí ilé iṣẹ́ Image-Line ní orílẹ̀-èdè Belgium gbé jáde lọ́dún 1997 pẹ̀lú orúkọ FruityLoops. Oníṣẹ́ yìí kì í fi iṣẹ́ tuntun pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́. Fáìlì tuntun ló máa ń dá sílẹ̀ bó bá ti ṣe àtúnṣe kan, kọ̀ǹpútà sì ń kọ aago sára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Aago ara àwọn fáìlì yẹn, àti ohun tí òun, olórin àti onílù rántí, ni mo fi to ọjọ́ náà.

Aago 6:30 àárọ̀

Iná dé. Ó ki ṣájà bọ látọ́ọ̀pù, ó ṣí iṣẹ́ náà, ó sì fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́ kí ó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ohùn 19 ló wà níbẹ̀: olórin, àwọn elégbè, gángan, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, agogo, béèsì, dùùrù àti ìlù tí kọ̀ǹpútà ń lù. Ó fa gbogbo wọn wálẹ̀ títí àpapọ̀ wọn kò fi ga ju −6 dB lọ. Nínú fáìlì orin, 0 ni òrùlé. Ohun tó bá kọjá rẹ̀, gígé ni wọ́n máa gé orí rẹ̀, etí á sì gbọ́ ọ bí ìró tó ya. Àyè tó fi sílẹ̀ láàárọ̀ ni yóò lò lálẹ́.

Aago 7:15 àárọ̀

Ó tẹ orin náà kí ó gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kò tíì dé ìdajì tí ìró ta-ta-ta fi bẹ̀rẹ̀ sí í gé e sí wẹ́wẹ́. Níbí ni ọkàn ọ̀pọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ nílé ti máa ń dàrú: wọ́n á pa plugin yìí (ètò kékeré tó ń tún ohùn ṣe), wọ́n á yọ tọ̀hún, bí ìró náà bá sì dákẹ́, wọn kò ní mọ ohun tó pa á lẹ́nu mọ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni òun béèrè: ṣé inú ohùn tí a gbà sílẹ̀ ni àléébù yìí wà, àbí kọ̀ǹpútà ló ń dá a sílẹ̀? Ó dá orin padà, ó tún gbọ́ ibi kan náà. Ìró náà bọ́ síbòmíràn. Ó ti rí ìdáhùn nìyẹn: ohùn tí wọ́n gbà mọ́, kọ̀ǹpútà ni kò lè bá orin sáré.

Kọ̀ǹpútà máa ń kó ohùn jọ díẹ̀ kí ó tó tú u sí sípíkà, àkójọ yẹn ni wọ́n ń pè ní buffer. Lọ́jọ́ tí olórin ń kọrin, 128 ni wọ́n fi sí, kí olórin lè gbọ́ ara rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Nínú orin tó ń lo ìwọ̀n 44,100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, 128 kò tó mílísẹ́kọ́ńdì 3. Kọ̀ǹpútà tó ní ohùn 19 pẹ̀lú plugin lára gbogbo wọn kò lè parí iṣẹ́ láàárín àkókò yẹn, ibi tí kò bá sì ti parí ni ìró ta-ta ti ń wọlé. Ó gbé e sí 1,024, ìyẹn nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ńdì 23. Kò sí ẹni tó ń kọrin mọ́, ìdádúró náà kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ó tún wo ètò iná látọ́ọ̀pù, ó bá a lórí èyí tó ń ṣọ́ bátìrì lò, tó sì ń dín ìyára kọ̀ǹpútà kù. Ó yí i padà. Orin náà sì lọ geere.

Aago 9:00 àárọ̀

Gángan ló kàn. Máíkì méjì ni wọ́n fi gbà á: ọ̀kan súnmọ́ ojú awọ, èkejì jìnnà díẹ̀ kí ó lè gbé ìró yàrá. Tó bá gbọ́ máíkì kìíní nìkan, ìlù náà ní ara. Tó bá gbọ́ èkejì nìkan, ó dára. Tó bá pa méjèèjì pọ̀, ìlù náà á ṣófo, ikùn rẹ̀ á wọlé.

Ohùn ń rin nǹkan bíi mítà 343 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Máíkì kejì fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 68 jìnnà sí ìlù ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí náà ohùn pẹ́ tó mílísẹ́kọ́ńdì 2 kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìró tó wà ní 250 Hz ń lọ ó sì ń bọ̀ nígbà 250 ní ìṣẹ́jú-àáyá, mílísẹ́kọ́ńdì 2 sì jẹ́ ìdajì ìrìn rẹ̀ kan. Bí ìró náà bá ń gòkè nínú máíkì kan, á máa sọ̀kalẹ̀ nínú èkejì, méjèèjì á sì pa ara wọn. Àgbègbè yẹn gan-an ni ara gángan wà. Ó fẹ àwòrán ohùn méjèèjì lójú kọ̀ǹpútà títí ó fi rí ibi tí ọ̀pá kọ́kọ́ ba awọ, ó sì fa ti máíkì kejì sẹ́yìn títí wọ́n fi bára mu. Ìlù náà sanra padà láìjẹ́ pé ó fi plugin kankan kún un. Ká ní ó ti sáré lọ gbé 250 Hz sókè láti wo ìṣófo yẹn sàn, ohun tí kò sí níbẹ̀ ni ì bá máa gbé.

Aago 11:00 àárọ̀

Iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ gbogbo àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ó pa sípíkà, ó gbé hẹ́dífóònù sétí, ó sì lo àkókò yẹn fún iṣẹ́ tí hẹ́dífóònù mọ̀ ọ́n ṣe: wíwá ìdọ̀tí. Lábẹ́ ohùn olórin ló ti rí ìró kan tó ń hùn láìdákẹ́. Iná Nàìjíríà ń lọ ó ń bọ̀ nígbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá, ìró rẹ̀ sì máa ń fara hàn ní 50, 100 àti 150 Hz bí wáyà máíkì bá gbé e. Ṣùgbọ́n orí jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n wà lọ́jọ́ tí olórin kọrin, jẹnẹrétọ̀ kékeré kì í sì í dúró sójú kan: ó lè di 51 tàbí 52. Nítorí náà, etí àti àwòrán ìró ló fi wá a kí ó tó gé e tín-ín-rín. Ó sì pa ohùn olórin lẹ́nu mọ́ láàárín gbólóhùn kan sí èkejì, níbi tí ẹni tó ń gbọ́ ti lè fura sí ìhùn náà.

Aago 1:00 ọ̀sán

Ìjà ìsàlẹ̀ ló kù. Béèsì ń tẹ ohùn kan ní 55 Hz, àwọn ọmọ ìró tó bí sì wà ní 110, 165 àti 220, níbi tí dùùrù àti ohùn ìsàlẹ̀ gángan náà ń gbé. Bí ohùn mẹ́ta bá jókòó sójú kan, etí á gbọ́ èyí tó le jù, yóò sì pàdánù ìyókù. Kò gbé gángan sókè. Ó gé díẹ̀ lára béèsì ní àyíká 200 Hz, ó gé púpọ̀ lára dùùrù níbẹ̀, ó sì yọ ohun tó wà lábẹ́ 80 Hz kúrò lára ohùn olórin, torí kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀, àfi èémí àti ẹsẹ̀ tó ń kan ilẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó ṣètò rẹ̀ pé nígbàkígbà tí gángan bá ń sọ̀rọ̀, kí dùùrù fi 2 tàbí 3 dB rẹlẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ó sì padà sípò bí ìlù bá dákẹ́.

Aago 3:00 ọ̀sán

Bàbá onílù wọlé wá gba owó tó kù. Oníṣẹ́ dọ̀bálẹ̀, ó ní kí wọ́n jókòó kí wọ́n gbọ́ díẹ̀. Bàbá gbọ́ ọ tán, wọ́n ní kí ó tún un tẹ̀. Wọ́n wá gbọ́wọ́ sókè.

“Ọmọ mi, ìlù mi ń kólòlò níbí.”

“Ibo ni, Bàbá? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi hàn mí.”

“Ibi tí mo ti ń ki bàbá olórin. Orúkọ tí mo pè kọ́ nìyẹn.”

Ohun tó dára ni etí oníṣẹ́ ń gbọ́ láti àárọ̀. Ibẹ̀ gan-an tiẹ̀ dùn mọ́ ọn. Ó wá ọ̀nà tí ohùn ń gbà nínú FL Studio, ó sì rí i. Kí kọ̀ǹpútà lè rọrùn, ó ti darí olórin àti gángan sí ojú ọ̀nà kan náà, Pitcher tó ń tún ohùn olórin ṣe sì wà lójú ọ̀nà yẹn. Níbi tí olórin bá ti dákẹ́ tí gángan dá sọ̀rọ̀, ìlù ni ẹ̀rọ náà ń tún ṣe.

Láti ọdún 1997 ni irú ẹ̀rọ yìí ti gbòde, nígbà tí Andy Hildebrand, ọmọ Amẹ́ríkà tó ti fi ìmọ̀ ìró wá epo rọ̀bì nínú ilẹ̀ rí, gbé Auto-Tune jáde. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń wo ohùn tó bọ́ sáàárín nọ́ọ̀tì dùùrù méjì, á sì fà á lọ sórí èyí tó súnmọ́ ọn. Ẹni tí ohùn rẹ̀ yẹ̀ díẹ̀ lè jàǹfààní rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ gángan, àárín nọ́ọ̀tì ló ń gbé. Onílù á fún ọ̀sán mọ́ra, ohùn á gòkè; á dẹ̀ ẹ́, ohùn á rọra sọ̀kalẹ̀, ìyọ̀ yẹn ni etí Yorùbá fi ń mọ orúkọ kan yàtọ̀ sí òmíràn. Ẹ̀rọ náà sọ ìyọ̀ di àkàsọ̀, oríkì sì dàrú.

Ó yọ gángan kúrò lójú ọ̀nà yẹn. Bàbá tún gbọ́. Orúkọ náà ti padà, àmọ́ wọ́n ní ọ̀pá kò kan awọ tó bó ṣe yẹ. Compressor tó wà lára ìlù náà ń mú ìró láàárín mílísẹ́kọ́ńdì 1, kí lílù tó jáde tán ó ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Oníṣẹ́ gbé e sí 30, kí orí lílù kọ́kọ́ kọjá. Bàbá mi orí, wọ́n gba owó wọn, wọ́n sì súre fún un.

Aago 4:15 ìrọ̀lẹ́

Ó pa gbogbo rẹ̀, ó jáde lọ jẹun. Etí tó ti ń gbọ́ orin kan láti òwúrọ̀ kì í sọ òtítọ́ mọ́. Nígbà tó dé, ó dín ohùn sípíkà kù títí dé ìwọ̀n tí ènìyàn lè fi bá ara sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Láti ọdún 1933 ni Harvey Fletcher àti Wilden Munson ti fi hàn ní Amẹ́ríkà pé bí ìró bá rẹlẹ̀, etí kì í gbọ́ ìsàlẹ̀ orin tó bó ṣe ń gbọ́ àárín rẹ̀. Ẹni tó bá fi ariwo po orin, béèsì á tàn án. Bí ọ̀rọ̀ bá hàn ketekete nínú ohùn kékeré, yóò hàn níbi gbogbo.

Aago 5:30 ìrọ̀lẹ́

Ó gbé orin náà kiri: fóònù tirẹ̀, hẹ́dífóònù olówó pọ́ọ́kú, sípíkà oníbúlútúùtù ti aládùúgbò. Nínú fóònù, béèsì pòórá, torí sípíkà bẹ́ẹ̀ kò lè gbé 55 Hz jáde. Ó bu distortion díẹ̀ sára béèsì kí àwọn ọmọ ìró òkè rẹ̀ lè pọ̀ sí i. Nígbà tí etí bá gbọ́ àwọn ọmọ, yóò mọ ìyá wọn. Lórí sípíkà aládùúgbò, tó ń pa ọ̀tún àti òsì pọ̀ sójú kan, àwọn elégbè fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Ó ti fẹ̀ wọ́n jù. Ó sún wọn mọ́ àárín, wọ́n sì padà.

Aago 7:00 alẹ́

Olórin dé. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé kí orin òun pariwo ju ti gbogbo èèyàn lọ. Oníṣẹ́ kò bá a jiyàn. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí etí yín ṣèdájọ́.” Ó ṣe ẹ̀yà méjì: ọ̀kan tí limiter tẹ̀ pọ̀ dé −8 LUFS (ìwọ̀n bí orin ṣe ń pariwo tó), èkejì tó rọra wà ní −13. Spotify máa ń gbé orin sí nǹkan bíi −14, nítorí náà èyí tó wà ní −8 yóò rẹlẹ̀ pẹ̀lú 6 dB níbẹ̀. Ó fa méjèèjì sí ìwọ̀n kan náà, ó sì tẹ̀ wọ́n tẹ̀lé ara wọn láìsọ èyí tó jẹ́ èwo. Olórin mú èkejì, ti −13 yẹn. Nínú àkọ́kọ́, gángan àti olórin ti di ìpele kan, kò sí ẹni tó wá síwájú nígbà tí ọ̀rọ̀ kàn án.

Ṣùgbọ́n òde àríyá yàtọ̀. Ẹ̀rọ DJ lè má fa orin wálẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n fẹnu kò pé kí ó ṣe ẹ̀dà kejì tó ga díẹ̀ sí i fún DJ, kí ti íntánẹ́ẹ̀tì sì wà bó ṣe wà. Méjèèjì ni ó fi òrùlé −1 dB sí, torí pé ìró máa ń ga díẹ̀ sí i bí wọ́n bá sọ fáìlì di MP3.

Aago 9:20 alẹ́

Fáìlì àkọ́kọ́ tó gbé jáde kò ju ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan lọ. FL Studio wà lórí pattern, apá kan ṣoṣo ló sì gbé jáde. Ó yí i sí song, ó tún un gbé jáde ní WAV oníbíìtì 24, òun àti olórin sì gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin láìfọwọ́ kan nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ló di gbogbo iṣẹ́ náà pọ̀ sínú fáìlì kan pẹ̀lú àwọn ohùn rẹ̀, ó fi sórí flash, ó sì gbé ohùn kọ̀ọ̀kan jáde lọ́tọ̀, kí ẹnikẹ́ni lè tún un pò lọ́jọ́ iwájú kódà bí plugin tòní kò bá sí mọ́.

Nínú gbogbo àtúnṣe ọjọ́ náà, ọ̀kan ṣoṣo ni ìwọ̀n ojú kọ̀ǹpútà kò lè fi han ẹnikẹ́ni. Ìró ta-ta, ìṣófo máíkì àti ìhùn iná, gbogbo wọn ló ní nọ́ńbà tó ń tọ́ka sí wọn. Oríkì tó dàrú kò ní nọ́ńbà. Ọ̀nà tí orin náà gbà mọ́ lójú ẹ̀rọ gan-an ni ọ̀rọ̀ gbà bàjẹ́ nínú rẹ̀, owó tó kù ló sì mú ẹni tó mọ̀ ọ́n wọlé. Kò yẹ kí a fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lé orí kòńgẹ́. Oníṣẹ́ tó bá gba gángan, dùndún tàbí bàtá sílẹ̀, kí ó pe onílù padà wá gbọ́ orin náà kí ó tó jáde, kí ó sì san owó ọjọ́ yẹn fún un bó ṣe san ti ọjọ́ ìlù.