Nígbà tí àwọ̀ imú ajá di ọ̀rọ̀ adájọ́

Ajá Agblangandan kì í ní ìwé ìran. Ní ìlú orí yanrìn yìí, lábẹ́ Sèmè-Kpodji, ní ìlà-oòrùn Kùtọnú, ajá ń gun ara wọn bó ṣe wù wọ́n, èyí tí abo bá sì bí ni wọ́n ń tọ́. Ìyá kan ṣoṣo lè bí onímú dúdú, onímú pupa rúsúrúsú àti èyí tí àwọ̀ imú rẹ̀ pín sí méjì. Gu, òrìṣà irin àwọn Gun, àti Ògún tiwa jọ ń gba ajá lẹ́bọ, ọdẹ náà sì ń so ṣaworo mọ́ tirẹ̀ lọ́rùn. Bí imú bá ti lè tọpa ọ̀yà wọ inú igbó, kí ló kan ọdẹ nínú àwọ̀ rẹ̀?

Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti sọ ọ́ di ẹjọ́. Lẹ́yìn tí wọ́n dá Kennel Club sílẹ̀ lọ́dún 1873, àwọn ẹgbẹ́ alájá ń kọ bí ìran kọ̀ọ̀kan ṣe gbọ́dọ̀ rí sílẹ̀, títí kan imú. Bulldog tí imú rẹ̀ kò dú di ẹni ìtanù. Orúkọ ìlú Dudley ni wọ́n fi ń pe irú imú bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò yọ ajá Áfíríkà sílẹ̀. Lọ́dún 1895, wọ́n gbé méjì láti Kóńgò lọ sí ìdíje ajá tí wọ́n ń pè ní Crufts, àmọ́ àìsàn distemper pa wọ́n. Àwọn tí Olivia Burn gbé lọ síbẹ̀ lọ́dún 1937 ló rọ́wọ́ mú, àwọn là ń pè ní Basenji. Ajá inú igbó, tí kò mọ adájọ́ rí, ni ìlànà ẹgbẹ́ alájá Amẹ́ríkà wá ń sọ fún pé imú dúdú ló wu àwọn jù!

Ní ti ibi tí àwọ̀ náà ti ń wá, ọdún 1957 ni onímọ̀ nípa àbùdá, Clarence Cook Little, gbé ìwé jáde lórí bí ajá ṣe ń jogún àwọ̀. Mẹ́lánìn ló ń pa imú láró. Ọmọ tó bá jogún jíìnì TYRP1 tó ti yí padà lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá, mẹ́lánìn rẹ̀ kì í dú, irun àti imú rẹ̀ á jọ ṣe bíi ṣokoléètì. Ọ̀pọ̀ ọmọ ajá ni imú wọn máa ń pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ nígbà tí wọ́n bí wọn, tí á sì dú bí wọ́n bá ti ń dàgbà. Imú ajá yìnyín tí wọ́n ń pè ní Husky a máa ṣí nígbà òtútù, ìlànà Amẹ́ríkà sì fàyè gba ìyẹn.

Kò sí yìnyín ní Agblangandan. Bí imú àgbà ajá bá ń funfun níbẹ̀, ó lè jẹ́ ogbó tàbí àpá egbò. Ṣùgbọ́n bí ojú imú tó ti ń rí gbágungbàgun bá wá ń dán, tó ń sán, tó ń ṣẹ̀jẹ̀, dókítà ẹranko ló kàn, nítorí àìsàn kan wà tí ara ajá fi ń bá ara rẹ̀ jà. Oòrùn sì máa ń mú kí ó le sí i.