Chapman: Bí a ṣe ń po ohun mímu aláwọ̀ pupa tí ń hó fún òde àríyá, àti ohun tó yẹ kí onínàáwó mọ̀

Láti oṣù Kejìlá títí wọ oṣù Kẹta, nígbà tí oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn bá ń mú ganrínganrín, ni òde àríyá máa ń pọ̀ jù lọ nílẹ̀ Yorùbá. Ìgbéyàwó, ìsìnkú àgbà, ìṣílé àti ìsọmọlórúkọ a máa tẹ̀ lé ara wọn, àwọn àlejò a sì jókòó sábẹ́ àtíbàbà láti òwúrọ̀ títí di ọjọ́rọ̀. Bí oúnjẹ bá pẹ́ díẹ̀, àlejò lè ṣe sùúrù. Ṣùgbọ́n ọ̀fun gbígbẹ kò mọ sùúrù. Ìdí nìyí tí onínàáwó tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́ fi ń kọ́kọ́ ronú sí ohun tí àlejò yóò mu.

Nínú àwọn ohun mímu tí a ń pò fún àríyá, èyí tí ó gbayì jù lọ láàrin wa ni Chapman. Ó pupa, ó ń hó, ègé ọsàn àti ti kùkúńbà a sì máa léfòó lójú rẹ̀ nínú kọ́ọ̀bù ńlá olówó. Ọmọdé fẹ́ràn rẹ̀, àgbà fẹ́ràn rẹ̀, kò sì sí ilé oúnjẹ ńlá kan ní Èkó tàbí Ìbàdàn tí orúkọ rẹ̀ ṣàjèjì sí. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹni tí ń mu ún kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Àwọn kan tó ti pinnu pé àwọn kò ní fẹnu kan ọtí láyé ń mu ún láìmọ̀ pé ọtí kékeré kan wà níbẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe bí a ṣe ń pò ó nìkan ni a fẹ́ sọ; a ó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ àti ewu tó yẹ kí á dènà.

IBI TÍ Ó TI WÁ

Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ni Chapman ti wá. Ìtàn tí ó wọ́pọ̀ jù lẹ́nu àwọn tí ń ta ọtí ni pé oníbàárà kan tí ń jẹ́ Chapman ni wọ́n kọ́kọ́ pò ó fún ní Èkó, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń ṣàkóso, tí orúkọ ọkùnrin náà sì mọ́ ohun mímu náà lára. Láti inú àwọn ẹgbẹ́ afẹ́ àti ilé ìtura ni ó ti bọ́ sí ilé oúnjẹ, kí ó tó di ti gbogbo ènìyàn. Lónìí, ibikíbi tí àwọn ọmọ Nàìjíríà bá pọ̀ sí nílùú òyìnbó, ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Houston, wọ́n ń pò ó nígbà tí ooru bá mú tí wọ́n sì ń yan ẹran jẹ níta gbangba.

OHUN TÓ WÀ NÍNÚ RẸ̀

Ìpìlẹ̀ Chapman ni ọtí ẹlẹ́rìndòdò méjì: ọlọ́sàn, irú bíi Fanta, àti ọlọ́sàn wẹ́wẹ́ tí kò ní àwọ̀, irú bíi Sprite tàbí 7Up. Ẹ̀kẹta ni omi èso pupa tó ki tó sì dùn, bóyá ti blackcurrant tàbí èyí tí wọ́n ń pè ní grenadine. Òun ni ó ń fún un ní àwọ̀. Ẹ̀kẹrin ni oje lẹ́mọ́ọ̀nù tàbí ti ọsàn wẹ́wẹ́. Ẹ̀karùn-ún ni bításì Angostura, èyí tí a ń kán sí i díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni kùkúńbà, ègé ọsàn àti omi dídì.

Bításì yìí ni ó ń ya Chapman sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn ohun mímu aládùn mìíràn. Bí kò bá sí níbẹ̀, adùn nìkan ni ahọ́n yóò máa tọ́ wò, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi sú ènìyàn. Dókítà ará Jámánì kan tí ń jẹ́ Johann Siegert ni ó ṣe é jáde ní ọdún 1824 ní ìlú Angostura, ní orílẹ̀-èdè Venezuela, nígbà tí ó ń tọ́jú àwọn ọmọ ogun Simón Bolívar. Oògùn inú ni ó kọ́kọ́ jẹ́. Ciudad Bolívar ni ìlú náà ń jẹ́ báyìí, ní erékùṣù Trinidad ni wọ́n sì ti ń ṣe bításì náà lónìí.

ÌDÍ TÍ Ó FI Ń HÓ

Atẹ́gùn kan tí a ń pè ní carbon dioxide ni wọ́n fi agbára tì sínú ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Joseph Priestley, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó rí ọ̀nà tí a lè gbà pò ó mọ́ omi ní ìlú Leeds ní ọdún 1767. Nígbà tí ó di ọdún 1783, Jacob Schweppe bẹ̀rẹ̀ sí tà irú omi bẹ́ẹ̀ ní ìlú Geneva.

Ohun tí aposè níláti mọ̀ nípa atẹ́gùn yìí kò ju ẹyọ kan lọ: ó fẹ́ràn òtútù, kò sì fẹ́ràn ooru. Omi tí ó tutù débi pé ó fẹ́ dì lè gba nǹkan bí ìlọ́po méjì atẹ́gùn tí omi tí ó wà ní ìwọ̀n 20 Celsius lè gbà. Ìdí nìyí tí ìgò tí oòrùn ti pa fi ń ru kọjá ẹnu nígbà tí a bá ṣí i, tí ohun tó kù nínú rẹ̀ yóò sì tẹ́ lẹ́nu. Bákan náà, bí a bá ń ro ó kíkankíkan, ṣe ni à ń lé atẹ́gùn náà jáde. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí Chapman òun hó dáadáa, kí ó mú gbogbo èròjà rẹ̀ tutù kí ó tó pò wọ́n, kí ó sì fi ọwọ́ pẹ̀lẹ́ rò ó.

BÍ A ṢE Ń PÒ Ó FÚN ÈNÌYÀN 20

Ẹ wá àwọn nǹkan wọ̀nyí:

Ọtí ẹlẹ́rìndòdò ọlọ́sàn, lítà 2
Ọtí ẹlẹ́rìndòdò ọlọ́sàn wẹ́wẹ́, lítà 2
Omi èso pupa tó ki, mìlílítà 250
Lẹ́mọ́ọ̀nù 4 fún oje, àti 2 mìíràn fún gígé
Bításì Angostura, ṣíbí ìmutíì 4, èyí tíí ṣe mìlílítà 20
Kùkúńbà ńlá 1
Ọsàn 2
Omi dídì tí ó mọ́, bí ó bá ti tó

Èkínní, ẹ kó ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti omi èso náà sínú fíríìjì láti alẹ́ àná. Bí iná kò bá sí, ẹ kó àwọn ìgò náà sáàrin omi dídì nínú kúlà fún wákàtí 3, ó kéré tán.

Èkejì, ẹ fi omi tó mọ́ fọ èso àti kùkúńbà náà kí ọ̀bẹ tó kàn wọ́n. Bí a bá gé èso tí a kò fọ̀, ìdọ̀tí ara èèpo rẹ̀ ni ọ̀bẹ yóò tì wọ inú. Ẹ gé wọn ní pẹlẹbẹ tín-ín-rín, kí ẹ sì bò wọ́n.

Ẹ̀kẹta, ẹ fún oje lẹ́mọ́ọ̀nù 4 sínú àwo ńlá tó mọ́ tàbí jọ́ọ̀gì, ẹ sẹ́ kóró kúrò níbẹ̀, kí ẹ da omi èso pupa àti bításì sí i. Ẹ ro àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí pọ̀ dáadáa. Ibí yìí ni ríro pin sí.

Ẹ̀kẹrin, nígbà tí àwọn àlejò bá ti jókòó ni kí ẹ tó ṣí ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ẹ tẹ àwo náà díẹ̀, kí ẹ máa dà á gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé jẹ́jẹ́. Ẹ fi ìgbakọ yí i lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì péré, ó tó.

Ẹ̀karùn-ún, inú kọ́ọ̀bù àlejò ni kí ẹ kó omi dídì sí, ẹ má ṣe kó o sínú àwo ńlá, nítorí bí ó bá yọ́ tán, omi lásán ni ẹni ìkẹyìn yóò mu. Omi dídì tó tóbi sàn ju wẹ́wẹ́ lọ, nítorí kì í tètè yọ́. Ẹ da Chapman lé e lórí, kí ẹ fi ègé kùkúńbà, ọsàn àti lẹ́mọ́ọ̀nù ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́.

Ohun tí ẹ ó rí yóò jẹ́ nǹkan bí lítà 4 àti ààbọ̀, ìyẹn bí mìlílítà 220 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, láìka omi dídì.

ṢÉ ỌTÍ WÀ NÍNÚ RẸ̀?

Ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó kéré. Ìdá 44.7 nínú ọgọ́rùn-ún bításì Angostura ni ọtí líle; agbára rẹ̀ ju ti ọ̀pọ̀ ògógóró inú ìgò lọ. Mìlílítà 20 tí a fi sí i yìí ní ọtí líle bíi mìlílítà 9 nínú. Bí a bá pín ìyẹn káàkiri inú lítà 4 àti ààbọ̀, ó jẹ́ nǹkan bí ìdá 2 nínú 1,000. Èyí kò lè pa ẹnikẹ́ni bí ọtí.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdá mélòó. Mùsùlùmí tí ó sọ pé òun kò ní mu ọtí, ọmọ ìjọ tí ìlànà ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kọ ọtí, àti ẹni tí ó ti fi ọtí àmujù sílẹ̀ lẹ́yìn ìjàkadì ọdún púpọ̀, gbogbo wọn ni ó ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tó wà nínú kọ́ọ̀bù tí a gbé fún wọn. Kò bójú mu kí onínàáwó pinnu fún àlejò rẹ̀ pé kékeré kò burú. Ẹ jẹ́ kí agbọ́tí sọ ọ́ síta, tàbí kí ẹ po oríṣi méjì, kí ẹ sì kọ orúkọ sára ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Èyí tí kò ní ọtí kò ṣòro láti pò. Ẹ se zobo tó ki pẹ̀lú atalẹ̀, kànáfùrù díẹ̀ àti èèpo ọsàn, ẹ má fi ṣúgà sí i. Ẹ sẹ́ ẹ, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ wá fi mìlílítà 250 rẹ̀ dípò omi èso pupa àti bításì. Yóò pupa dáadáa, ìkan àti ìkorò díẹ̀ inú rẹ̀ yóò sì gba iṣẹ́ bításì ṣe.

OMI DÍDÌ: IBI TÍ ÀRÙN Ń GBÀ WỌLÉ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé òtútù ń pa kòkòrò àrùn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òtútù ń mú kí ọ̀pọ̀ wọn sùn ni. Nígbà tí omi náà bá yọ́, wọ́n á jí. Bí omi tí a fi ṣe omi dídì bá ní kòkòrò àrùn onígbáméjì tàbí ti táífọ́ọ̀dù nínú, inú kọ́ọ̀bù àlejò ni wọn yóò bọ́ sí. Àwọn omi dídì ńlá tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà wà fún títò ìgò sí. Kì í ṣe fún kíkó sínú ohun mímu. Ẹ se omi títí yóò fi hó fún ìṣẹ́jú kan, ó kéré tán, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ tó gbé e sínú ẹ̀rọ. Tàbí kí ẹ lo omi inú ìgò tó ní nọ́ńbà NAFDAC. Ẹni tí ń bù ú kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ lásán kó o. Èso tí a ti gé kò sì gbọdọ̀ pẹ́ ju wákàtí 2 lọ níta, wákàtí kan péré bí ooru bá mú gan-an.

ṢÚGÀ

Bí gíráàmù 10 ṣúgà bá wà nínú mìlílítà 100 ọtí ẹlẹ́rìndòdò, bí ó ti sábà máa ń rí, lítà 4 yóò ní 400 gíráàmù. Bí a bá fi ti omi èso kún un, kọ́ọ̀bù kan kò ní dín púpọ̀ sí gíráàmù 28. Ní ọdún 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, gbà wá nímọ̀ràn pé kí irú ṣúgà bẹ́ẹ̀ má ṣe ju ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára oúnjẹ òòjọ́ wa lọ, èyí tíí ṣe nǹkan bí gíráàmù 50 fún àgbàlagbà, àti pé yóò sàn jù bí kò bá ju 25 lọ. Kọ́ọ̀bù kan péré ti kọjá 25 yẹn. Ìjọba Nàìjíríà pàápàá rí ewu rẹ̀: Òfin Ìnáwó ọdún 2021 fi owó-orí náírà 10 lé orí lítà kọ̀ọ̀kan ọtí ẹlẹ́rìndòdò aládùn.

Ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ pọ̀ lóde àríyá, ojú sì máa ń ti ọ̀pọ̀ wọn láti kọ ohun tí a gbé fún wọn. Ẹ fi omi sódà tí kò ní ṣúgà dípò ọtí ẹlẹ́rìndòdò ọlọ́sàn wẹ́wẹ́. Gíráàmù 10 yóò dín kúrò nínú kọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá tún fi zobo tí kò ní ṣúgà dípò omi èso, nǹkan bí gíráàmù 10 ni yóò ṣẹ́ kù. Yóò ṣì hó, yóò ṣì pupa.

Ọ̀RỌ̀ FÍTÁMÌ C

Ní oṣù Kejì ọdún 2017, Ilé-ẹjọ́ Gíga Ìpínlẹ̀ Èkó pàṣẹ pé kí a kọ ìkìlọ̀ sára ìgò Fanta àti Sprite pé kí a má ṣe mu wọ́n pọ̀ mọ́ fítámì C. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ètò ìlera sọ pé àwọn ọtí náà kò léwu fún mímu. Ohun tó fa àríyànjiyàn náà ni èròjà kan, benzoic acid, tí wọ́n ń fi sínú ọtí ẹlẹ́rìndòdò kí ó má bàa bàjẹ́. Bí òun àti fítámì C bá wà pọ̀, pàápàá nínú ooru àti ìmọ́lẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, benzene díẹ̀ lè jáde, benzene sì wà lára ohun tí ń fa àrùn jẹjẹrẹ.

Lẹ́mọ́ọ̀nù ní fítámì C, nítorí náà ọ̀rọ̀ náà kan Chapman. Ohun tí ó bọ́gbọ́n mu ni pé kí a má ṣe pò ó sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí a má ṣe gbé e sínú oòrùn, kí a má sì ra ìgò tí wọ́n tò sínú oòrùn lẹ́bàá títì fún ọjọ́ púpọ̀. Pípò ó lójú àlejò, kí ó tutù, kí wọ́n sì mu ún tán lójú ẹsẹ̀, ni ó ń mú kí ó hó dáadáa. Òun náà ni ó ń dín ewu kù.

Ẹ̀yin onínàáwó wa, aṣọ ẹbí lè ṣá, orin lè dákẹ́, ṣùgbọ́n inú rírun kì í jẹ́ kí àlejò gbàgbé òde tí ó lọ. Ẹ po ohun mímu tí ẹ lè fún ìyá yín àti ọmọ yín mu, kí ẹ sì sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún ẹni tí yóò mu ún.