Ilẹ̀ Tí Kòkó Kọ̀: Ọgbọ́n Tí Àwọn Àgbẹ̀ Agége Dá

Kò sí oko tí kò ní ibi tí ó le. Ibòmíràn jẹ́ iyanrìn tí kì í gba omi dúró, ibòmíràn jẹ́ àkùrọ̀, ibòmíràn sì wà lábẹ́ òjìji igi. Kí ni kí á gbìn síbẹ̀? Ìtàn Agége ni a fẹ́ fi dáhùn, nítorí ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè.

Ẹni tí ó bá dé Agége lónìí, ilé àti títì ni yóò rí. Ṣùgbọ́n oko ni ibẹ̀ nígbà kan. Ní nǹkan bí ọdún 1880, J. P. L. Davies, gbajúmọ̀ oníṣòwò ní Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí gbin kòkó ní Ìjọn, nítòsí Agége. Àwọn mìíràn tẹ̀lé e. J. K. Coker dá oko ńlá sí Ìfàkò, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì dá ẹgbẹ́ àgbẹ̀ Agége sílẹ̀ ní ọdún 1907. Àwọn òṣìṣẹ́ tí ó wá láti ilẹ̀ òkè gba owó iṣẹ́ wọn, wọ́n sì tún mú irúgbìn kòkó lọ sílé. Agége wà lára ibi tí kòkó ti tàn ká ilẹ̀ Yorùbá.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Agége fúnra rẹ̀ kò bá kòkó lára mu. Kòkó ń fẹ́ ilẹ̀ tí ó jìn, tí ó ní amọ̀ tí ó tó láti pa omi mọ́ di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ilẹ̀ Agége ní iyanrìn púpọ̀. Òjò kì í pẹ́ lọ tí omi fi máa ń gbẹ. Bí igi ti ń dàgbà ni ó ń rẹ̀. Nígbà tí owó kòkó tún já wálẹ̀ ní ọdún 1920 sí 1921, ọ̀rọ̀ náà di méjì.

Àwọn àgbẹ̀ náà kò bá ilẹ̀ jà. Obì gbànja ni wọ́n yíjú sí. Obì máa ń fara da ilẹ̀ fífúyẹ́ ju kòkó lọ. Ọjà rẹ̀ sì wà: láyé àtijọ́, ilẹ̀ Ghana ni gbànja ti ń wá, ó ń gba Gonja kọjá, ibẹ̀ ni ó sì ti gba orúkọ. Láti ọdún 1912 ni ọkọ̀ ojú irin ti ń ná Èkó sí Kano, ó sì ń gba Agége kọjá. Àwọn oníṣòwò Hausa wá tẹ̀dó sí Agége láti máa ra obì. Ohun tí ó dára jù ni pé wọ́n gbin obì sáàárín kòkó àtijọ́. Kòkó ń mú owó díẹ̀díẹ̀ wọlé títí obì fi so.

Ẹ̀kọ́ wo ni èyí kọ́ wa? Kí a tó gbìn, kí a bi ara wa ní ìbéèrè mẹ́ta: kí ni ilẹ̀ yìí kò ní? Ta ni yóò ra ohun tí a bá kórè? Kí ni a ó máa jẹ kí igi tó so? Ẹni tí ó bá fẹ́ gbin kòkó, kí ó gbẹ́ kòtò tí ó jìn dé àyà. Bí ó bá kan àpáta, tàbí tí erùpẹ̀ tútù kò lẹ̀ mọ́ra nígbà tí a bá fún un lọ́wọ́, kí ó wá nǹkan mìíràn. Pákí àti kajú lè gbé orí iyanrìn. Ìrẹsì àti ìrèké yẹ àkùrọ̀. Kókò tí à ń jẹ lè fara da òjìji.

Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́, kí ẹ tó yá ọmọ ẹgbẹ́ lówó láti fi gbin kòkó, ẹ lọ wo ilẹ̀ rẹ̀. Kòkó máa ń tó ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kí ó tó so, bẹ́ẹ̀ ni gbèsè kì í dúró de igi. Àwọn olùwádìí ilé iṣẹ́ ìwádìí kòkó ní Gambari, nítòsí Ìbàdàn, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1964, ń ṣiṣẹ́ lórí obì àti kajú pẹ̀lú. Ẹ bi wọ́n léèrè. Oko yín yóò so o.