Ọwọ́ Ọmọdé Kò Tó Pẹpẹ

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ọmọ kúrú, ọwọ́ àgbà tóbi. Kí wọ́n yáa ran ara wọn lọ́wọ́. Ìbéèrè tó kù ni pé, ta ló nílò èkejì jù?

Kí a tó dáhùn, ẹ wo ara igi máńgòrò tó ti gbó lágbègbè Òkè Màpó n'Ìbàdàn. Ẹ ó rí àbàwọ́n aláwọ̀ eérú tó lẹ̀ mọ́ èèpo rẹ̀ pẹ́típẹ́tí. Láíkìn nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa kà á mọ́ àfòmọ́, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Àfòmọ́ a máa ki gbòǹgbò bọ igi lára láti fa omi rẹ̀ mu; láíkìn kàn jókòó sórí èèpo ni, àní ó ń hù lórí àpáta gbígbẹ. Ohun méjì ló para pọ̀ dà á: ìbátan olú tí à ń jẹ, àti ewédò (algae). Olú ló kọ́lé, tó ń gba omi òjò dúró. Ewédò ló ń fi oòrùn se oúnjẹ.

Simon Schwendener, ọmọ Switzerland, ló tú àṣírí yìí ní nǹkan bí ọdún 1867. Ó ní olú ni ọ̀gá, ewédò ni ẹrú. Ọmọ Ìbàdàn tó mọ ìyàtọ̀ ẹrú sí ìwọ̀fà kò ní gbà fún un. Ìwọ̀fà ni ewédò jọ, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní ilé tí wọ́n lè padà sí, kí wọ́n sì dá gbé. Olú láíkìn ni kì í sábà lè dá wà. Ọ̀gá tí kò lè yè láìsí ìwọ̀fà rẹ̀, irú ọ̀gá wo nìyẹn?

Ẹranko kan náà wà tó ń bá ewédò gbé, salamander ni, ṣùgbọ́n tirẹ̀ yàtọ̀. Ẹ má wá a lọ sí àdúgbò Bẹyẹrúnkà n'Ìbàdàn. Alángbá ni ẹ ó bá lórí ògiri níbẹ̀. Wọ́n jọra lójú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀lọ́ ni ìbátan salamander: awọ ara rẹ̀ tutù, kò ní ìpẹ́, kò ní èékánná. Èyí tí wọ́n ń pè ní Ambystoma maculatum ń gbé ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, ó dúdú, ó ní tótòtó rúsúrúsú. Inú omi ló ń yé sí. Ewédò kan a wọ inú ẹyin náà, ẹyin a di àwọ̀ ewé. Ewédò ń fún ọmọ inú ẹyin ní ọ́síjìn, ẹ̀gbin ọmọ náà sì di ajílẹ̀ fún ewédò. Lọ́dún 2011, olùwádìí Ryan Kerney àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde pé ewédò náà tilẹ̀ wọ inú sẹ́ẹ̀lì ọmọ ọ̀hún. Ìwádìí ọdún 2017 wá fi hàn pé ara kò rọ ewédò tó wọlé bẹ́ẹ̀. Bí kò bá sí ewédò, ẹyin ṣì lè pa. Ọmọ náà kàn máa ń pẹ́ kó tó jáde, á sì kéré.

Òwe wa ńkọ́? Salamander, tó lè yè láìsí ewédò, ni ọmọdé inú rẹ̀; olú, tí kì í sábà lè dá wà, ni àgbà. Ọmọ tí kò tó pẹpẹ lónìí yóò ga lọ́la, ṣùgbọ́n ọwọ́ àgbà kò ní kéré mọ́ láé. Àgbà ló nílò èkejì jù. Nítorí náà, nígbàkigbà tí a bá fi òwe yìí parí ìjà, àgbà ló yẹ kó kọ́kọ́ tọrọ àforíjì.