Kí Ni Àbùùbùtán Wá Ṣe Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ẹ̀rọ?

Ẹni tó sọ àbùùbùtán lórúkọ kò wo ojú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò wo ìrù rẹ̀. Ọwọ́ àwọn tó ń bu ẹran ara rẹ̀ ló wò: wọ́n bù ú, wọ́n tún bù ú, kò tán. Ó yẹ kí orúkọ irinṣẹ́ ìwádìí abẹ́ òkun náà sọ bí nǹkan ṣe rí lọ́wọ́ ẹni tó ń lò ó.

Bí a bá ń pe gbogbo irinṣẹ́ wọ̀nyí ní “ọkọ̀ abẹ́ omi”, ohun mẹ́ta la dà pọ̀. Ohun tí ènìyàn ń wọ̀ là ń pè ní ọkọ̀. Alvin, tí ibùdó ìwádìí Woods Hole ní Amẹ́ríkà ń lò, ọkọ̀ ni. Èyí tó ń jẹ́ Hercules kò gbé ẹnì kankan. Okùn gígùn ló so ó mọ́ ọkọ̀ ojú omi, inú okùn yìí ni àṣẹ ń gbà sọ̀ kalẹ̀ tí àwòrán sì ń gbà gòkè. Ẹ̀rọ àfokùndarí ni n ó pè é. Èyí tó ń jẹ́ REMUS kò ní okùn rárá, òkè ni wọ́n ti máa ń kọ́ ọ ní iṣẹ́ tí yóò ṣe. Ẹ̀rọ adárìn nìyẹn.

Ìgbà tí ẹ̀dá òkun bá yọ ni ìyàtọ̀ yìí máa ń hàn. Lọ́dún 1967, ẹja onídà kan gún Alvin ní nǹkan bí 600 mítà nísàlẹ̀ omi. Idà rẹ̀ há sára ọkọ̀, kò rí i fà yọ mọ́. Wọ́n gbé e gòkè, wọ́n sì sè é jẹ. Ká ní ẹ̀rọ àfokùndarí ló gún ni, ọ̀rọ̀ àtúnṣe lásán ni ì bá jẹ́. Nítorí pé ọkọ̀ ni, ẹ̀mí ènìyàn wà nínú rẹ̀.

Kì í ṣe ọkọ̀ àti ẹ̀rọ nìkan ló nílò orúkọ. Lọ́dún 2012, lágbègbè erékùṣù Ogasawara ní Japan, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Edith Widder lo kámẹ́rà kan tó ń jẹ́ Medusa. Iná pupa ló ń tàn, torí ọ̀pọ̀ ẹ̀dá inú ibú kì í rí pupa. Wọ́n fi òbìrìkìtì kan sí i tí iná búlúù ń yí po lára rẹ̀, tó ń ṣe bí ẹ̀dá kan tí ara rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ, tó máa ń tanná nígbà tí ọ̀tá bá gbá a mú. Síkúìdì ńlá sì wá. A kò lè pe òbìrìkìtì yìí ní ìjẹ, kò sí ohun jíjẹ lára rẹ̀. Iná atannijẹ ló bá a mu: tàn ti ìmọ́lẹ̀ àti tàn ti ẹ̀tàn ti pàdé níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀-ìṣe tí a ó fi sọ ohun tí ẹ̀dá náà ṣe ló le jù. Lọ́dún 2015, ní Gulf of Mexico, àbùùbùtán kan bá Hercules ní 598 mítà. Ó yí i po, ó lọ, ó tún padà. “Ojúmìító” ló máa ń yá akọ̀ròyìn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ìbáwí wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn, ẹ̀rọ ló sì lọ bá àbùùbùtán nílé. “Ó yẹ̀ ẹ́ wò” tó. Ohùn ni ẹranko yìí fi ń mọ ohun tó wà nínú òkùnkùn, Yorùbá kò sì fi “wò” mọ sí ojú nìkan: a ń tọ́ ọbẹ̀ wò, a ń fọwọ́ kan nǹkan wò.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbà ni “wò” yẹ. Lọ́dún 2013, nítòsí erékùṣù Guadalupe ní Mexico, ẹja ekurá funfun ti ìsàlẹ̀ yọ sí REMUS, ó sì bù ú jẹ, bó ṣe ń dọdẹ gan-an. “Kọlù” ni ti èyí.

Kí akọ̀ròyìn kọ ibi tí ẹ̀dá náà ti wá ná, bó ṣe rìn, àti ibi tó fẹnu kàn, kó tó yan ọ̀rọ̀-ìṣe. Bí ẹ̀rí kò bá sì tó, “sún mọ́” wà nílẹ̀, kò purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni.