Orúkọ Ogun ní Ilẹ̀ Yorùbá: Láti Ogun Òwu dé Ogun Hitler

Nínú àwọn ogun tí àwọn Yorùbá bá ara wọn jà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ni wọ́n ń fi orúkọ ìlú pè, ìlú tí ó sì tú ni ó sábà máa ń fún ogun ní orúkọ. Bí ó ti rí fún Ogun Òwu ní nǹkan bí ọdún 1820 náà ni ó rí fún Ogun Ìjàyè láàrin ọdún 1860 sí 1862. Ẹni tí ó bá gbọ́ Ogun Ìjàyè nìkan lè rò pé Ìjàyè ni ó dá ìjà náà sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ohun tí ó fà á ni pé nígbà tí Aláàfin Àtìbà wàjà ní ọdún 1859, Ààrẹ Kúrunmí tí ó jẹ́ olórí Ìjàyè kọ̀ láti gba Adélù Àrẹ̀mọ ní ọba, nítorí àṣà ni pé kí Àrẹ̀mọ bá bàbá rẹ̀ lọ. Ìbàdàn gbè sẹ́yìn Adélù, àwọn Ẹ̀gbá sì gbè sẹ́yìn Ìjàyè, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó hàn nínú orúkọ náà.

Ogun Jálumi yàtọ̀, nítorí ìṣẹ̀lẹ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo ni ó fún un ní orúkọ. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1878, Ìbàdàn ṣẹ́gun àwọn ọmọ ogun Ìlọrin àti àwọn tí wọ́n jọ wá ní Ìkìrun, àwọn tí ń sá lọ sì já lu odò Ọ̀tìn tí ó kún, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì bómi lọ. Ẹni tí ó borí ni ó lè máa fi irú ikú bẹ́ẹ̀ pe ogun.

Èyí tí ó gba àgbéyẹ̀wò jù ni ogun ńlá tí ó tẹ̀ lé e, nítorí orúkọ mẹ́ta ni ó ní, orúkọ kọ̀ọ̀kan sì ní ìbẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Kírìjì jẹ́ àfarawé ìró ìbọn tí ó ń dún láàrin àwọn òkè tí ó wà láàrin Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé, níbi tí Ìbàdàn àti àwọn ọ̀tá rẹ̀ ti kọjú sí ara wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nítorí pé kò sí ìlú tí ó tú níbẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì borí, ìró nìkan ni ó kù tí àwọn ìhà méjèèjì lè jọ fi pè é. Ogun Èkìtì Parapọ̀ ní tirẹ̀ jẹ́ orúkọ àwọn tí wọ́n kọ ìsìn Ìbàdàn sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1878 nígbà tí Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí pa ajẹlẹ̀, ìyẹn aṣojú tí Ìbàdàn fi síbẹ̀ láti máa gba ìṣákọ́lẹ̀. Samuel Johnson, òpìtàn Yorùbá tí ó wà lára àwọn tí ó ń jíṣẹ́ àlàáfíà ní ọdún 1886, pè é ní Ogun Ọdún Mẹ́rìndínlógún. Kí iye yẹn tó pé títí di ọdún 1893 tí ogun náà parí, ó gbọ́dọ̀ ka ìjà Ìbàdàn pẹ̀lú àwọn Ẹ̀gbá lórí ọ̀nà òwò etíkun ní ọdún 1877 mọ́ ọn. Ẹni tí ó bá ń kọ ìtàn lónìí gbọ́dọ̀ mọ̀ pé bí òun bá ti yan Èkìtì Parapọ̀, ọ̀rọ̀ òmìnira ni òun fi ṣíwájú. Bí ó bá sì ka ọdún bíi ti Johnson, wàhálà Ìbàdàn lórí ọ̀nà òwò náà ni ó fi bẹ̀rẹ̀.

Ní ọ̀rúndún ogún, orúkọ ọ̀tá gba ipò orúkọ ìlú. Ogun Jámánì ni wọ́n ń pe ogun ọdún 1914 sí 1918, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1939 sì di Ogun Hitler, tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà fi ń ka ọdún tí wọ́n bí wọn. Síbẹ̀, àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n kó lọ sí Burma, tí àwọn ọmọ Yorùbá wà lára wọn, kò dojú kọ Jámánì rárá. Àwọn ará Japan ni wọ́n bá jà nínú igbó. Ọ̀kan nínú wọn ni bàbá Biyi Bandele, òǹkọ̀wé tí ó pe ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀ ti ọdún 2007 ní Burma Boy, tí ó sì tipa bẹ́ẹ̀ fi ibi tí wọ́n ti jà náà sí iwájú ìwé.