Lésà àbí Ọwọ́? Ìtàn Iṣẹ́-abẹ Ojú

Ní ìpàdé wa tí ó kọjá, ọ̀kan nínú wa sọ pé ojú ìyá òun nílé ti ń di funfun, àti pé ìyá náà kò lè dá ènìyàn mọ̀ mọ́ àfi nípa ohùn. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kí ó wá owó tí wọn yóò fi ṣe é pẹ̀lú lésà, nítorí pé ti ọwọ́ ti di ohun àtijọ́. Ǹjẹ́ òótọ́ ni? Èyí ni ó mú kí á yẹ ìtàn iṣẹ́ náà wò.

Awò kan wà nínú ẹyinjú tí ó mọ́ gaara bí omi. Bí a bá ń dàgbà, awò yìí a máa ṣú, títí ìmọ́lẹ̀ kò fi ní rí ọ̀nà kọjá mọ́. Òyìnbó ń pè é ní cataract. Àwọn ará India àtijọ́ a máa fi abẹ́rẹ́ ti awò náà ṣubú sí ìsàlẹ̀ ẹyinjú. Àwọn Hausa ń pe irú iṣẹ́ yìí ní yankan yana, àwọn tí ń ṣe é a sì máa ti ìlú dé ìlú. Aláìsàn a rí ìmọ́lẹ̀, a yọ̀, a sanwó. Nígbà tí ojú bá fi bàjẹ́, oníṣẹ́ ti dé ìlú mìíràn. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ lásán ni o: nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007, ó súnmọ́ ìdajì àwọn ojú tí a ti tọ́jú fún àrùn yìí tí ó jẹ́ pé abẹ́rẹ́ ni a fi ṣe wọ́n.

Ní 1747, Jacques Daviel ní ilẹ̀ Faransé la ojú, ó sì yọ awò tí ó ṣú náà jáde. Ṣùgbọ́n ojú tí kò ní awò kò lè ríran kedere láìsí dígí tí ó nípọn bí ìdí ìgò.

Ẹni tí ó yanjú èyí ni Harold Ridley. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó ṣe dókítà ológun ní Gold Coast, tí ó di Ghana, ó sì ṣe ìwádìí pàtàkì níbẹ̀ lórí àrùn tí kòkòrò etí odò ń fi fọ́ ojú ènìyàn. Ó ti ṣàkíyèsí pé àfọ́kù ike tí ó fò wọ ojú àwọn awakọ̀ òfúrufú nínú ogun náà kò mú kí ojú wọn kẹ̀. Wọ́n ní akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ń wo iṣẹ́ rẹ̀ ni ó bi í léèrè ìdí tí kò fi fi awò mìíràn rọ́pò èyí tí ó yọ. (Ẹ rí i pé ìbéèrè akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe ohun ẹ̀gàn!) Ní oṣù November 1949, ní St Thomas' ní London, ó fi awò oníke sínú ojú aláìsàn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi bá a jà lórí rẹ̀.

Charles Kelman ní New York ni ó tẹ̀lé e, ní 1967. Ohun èlò oníṣègùn eyín ni ó ti kọ́ ọgbọ́n rẹ̀: abẹ́rẹ́ tí ń gbọ̀n kíákíá a máa fọ́ awò sí wẹ́wẹ́, a sì fà á jáde láti ihò kékeré. Èyí gan-an ni àwọn ẹ̀gbọ́n wọ̀nyẹn ń pè ní ohun àtijọ́!

Ní 2008 ni Zoltán Nagy ní Budapest kọ́kọ́ lo lésà tuntun náà. Lésà ń la ojú, ó ń gé iwájú àpò awò ní róbótó, ó sì ń pín awò náà kí dókítà tó fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ Kelman náà ni dókítà yóò tún fi fa ìyókù jáde, ọwọ́ ni yóò sì fi ti awò tuntun wọlé. Ní ọsíbítù mẹ́ta ní Britain, wọ́n pín aláìsàn 785 sí ọ̀nà méjì, lésà àti ọwọ́. Nígbà tí èsì jáde ní 2020, ìríran wọn dọ́gba, ewu rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, ṣùgbọ́n owó lésà kò tó ohun tí a ń ná an sí. Ìwádìí àwọn Faransé ní ọdún kan náà kò sọ ohun mìíràn. Gígé lésà ṣe déédéé ju ti ọwọ́ lọ, a kò jiyàn; aláìsàn ni kò rí ìyàtọ̀ rẹ̀. Ní Nepal àti India, ọ̀kẹ́ àìmọye ojú ni wọ́n ti là láìlo ẹ̀rọ Kelman pàápàá: ọwọ́, ọ̀bẹ kékeré, àti awò oníke.

Ọ̀rẹ́ wa ti kọ̀wé sílé. Ó ní kí wọ́n mú Ìyá lọ sí ọsíbítù tí dókítà ojú wà, kí wọ́n sì béèrè irú awò tí wọn yóò fi sí i. Kò mẹ́nu kan lésà.